Awọ Ni Bọ́ńpà Fáíbà, Kì í Ṣe Egungun

ÌBÉÈRÈ

Páńẹ́ẹ̀bítà ni mí ní Ìfọ̀n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Bìní ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọdún kẹsàn-án sì rèé tí mo ti gba fúrídọ́ọ̀mù. Oníbàárà mi kan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ní ọkọ̀ eré kan, Toyota Celica 2001. Ó já sí kòtò lójú ọ̀nà, bọ́ńpà iwájú sì fọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. A wá irú rẹ̀ títí ní Ọ̀wọ̀, ní Àkúrẹ́ àti ní Bìní, a ò rí i. Òun wá ní kí n kúkú fi fáíbà ṣe òmíràn, àmọ́ òun ò fẹ́ èyí tó jọ ti ilé iṣẹ́ mọ́. Ó fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ètè ìsàlẹ̀ sún mọ́lẹ̀, bíi ti ọkọ̀ kan tó rí nínú fóònù. Ó fẹ́ gbé e wá sílé fún ọdún Igogo nínú oṣù kẹsàn-án.

Fáíbà tí èmi mọ̀ kò ju èyí tí a fi ń dí ojú ibi tí ìpẹtà ti jẹ lára fẹ́ńdà, tí a máa ń fi pọ́tì bò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lẹ fáíbà mọ́ ara bọ́ńpà tó fọ́ yẹn, kí n da résìn lé e, kí n sì fi sánpépà ha á. Ó ní ọjọ́ méjì ti tó. Ẹ gbà mí o. Ṣé mo lè ṣe é? Báwo ni kí n ṣe é? Ṣé owó tiẹ̀ wà níbẹ̀?

Páńẹ́ẹ̀bítà tí Celica dá láàmú, Ìfọ̀n.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o lè ṣe é. Àmọ́ ọjọ́ méjì kọ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ kò ṣe ọ̀kan rí, tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é fún kò tíì padà wá bá a ni.

Kí a tó débi résìn, níbo ni bọ́ńpà tó fọ́ náà wà? Má jù ú nù. Ṣa gbogbo ẹ̀là rẹ̀ jọ sínú àpò, títí dórí èyí tó kéré bí èékánná. Ara rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ yóò ti bẹ̀rẹ̀, torí pé gbogbo ojú bóòtì, gbogbo etí tó bá fẹ́ńdà àti iná iwájú pàdé, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹni tó bá ní òun á fojú díwọ̀n ìyẹn, ọjọ́ tó bá gbé bọ́ńpà rẹ̀ tuntun dé iwájú ọkọ̀ ni yóò mọ̀ pé mílímítà mẹ́ta lè ba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o lẹ fáíbà mọ́ bọ́ńpà àtijọ́, ike tó ń rọ̀ ni ilé iṣẹ́ fi ṣe bọ́ńpà yẹn, résìn kì í sì í di irú ike bẹ́ẹ̀ mú. Yóò dà bíi pé ó ti mú. O ó kùn ún, o ó dán an, oníbàárà á sanwó, á sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí oòrùn bá pa á fún oṣù kan, á máa ṣí bí èèpo ẹ̀bà tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò.

Nǹkan méjì ló para pọ̀ di ohun tí à ń pè ní fáíbà: òwú gíláàsì àti résìn. O ti rí bí bíríkìlà ṣe ń da kọnkéré lé ọ̀pá irin. Kọnkéré nìkan á sán, irin nìkan á tẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé dẹ́kìn dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni tibí. Résìn tó gbẹ láìní òwú nínú á fọ́ bí àwo tánganran; òwú láìsí résìn kò yàtọ̀ sí aṣọ. Iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ láyé. Ní 1953, General Motors ní Amẹ́ríkà fi fáíbà ṣe gbogbo ara Chevrolet Corvette. 300 péré ni wọ́n rí ṣe lọ́dún náà ní ìlú Flint, ọwọ́ ni wọ́n fi to wọ́n, funfun sì ni gbogbo wọn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Jerry Mallo gbé ọkọ̀ eré kan jáde ní Jos ní 2019, tó jẹ́ pé káábọ̀nù fáíbà, ẹ̀gbọ́n fáíbà gíláàsì yìí, ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Bí o bá sì sọ̀kalẹ̀ dé Ìgbókòdá, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó wa yìí kan náà, o ó rí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi fáíbà ṣe létí omi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ ibẹ̀ ni. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ ojú omi fáíbà ṣe mọ iṣẹ́ yìí ju páńẹ́ẹ̀bítà lọ, torí pé bí tirẹ̀ bá jò, èèyàn ló máa rì. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ṣe ọ́ láǹfààní ju gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń já mi láyà. Bọ́ńpà ilé iṣẹ́, bí o bá fi orúnkún tì í, á wọlé, á tún padà jáde. Fáíbà kò mọ irú eré yẹn. Ó le, ó fúyẹ́, àmọ́ bí nǹkan bá gbá a, sísán ni, tàbí kó fọ́ wẹ́wẹ́, ẹnu ibi tó ti fọ́ á sì mú bí abẹ. Irin gbọọrọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n dè mọ́ iwájú ṣáàsì, òun gan-an ló ń gba ìkọlù. Èyí tí ojú ń rí, awọ ni. Mo ti rí àwọn tó gé irin yẹn kúrò kí ètè tuntun tí wọ́n gbẹ́ lè ráyè wọlé. Má ṣe é. Bí oníbàárà bá bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Bó bá fi owó lé e, dá gbogbo owó rẹ̀ padà. Sẹ́ńsọ̀ tó ń jẹ́ kí éábáàgì tú, tí wáyà rẹ̀ wà níwájú níbẹ̀, má gé e, má sì sún un kúrò láyè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ètè tó sún mọ́lẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọkọ̀ tó wà nínú fóònù yẹn kò gba ọ̀nà Ìfọ̀n rí. Kòtò ló fọ́ èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe, tó sì máa ń rọ̀. Kí lo rò pé kòtò máa fi èyí tí kò mọ̀ ọ́n rọ̀ ṣe? Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń dá ètè ìsàlẹ̀ ṣe lọ́tọ̀, màá sì fi bóòtì kéékèèké mẹ́fà tàbí méje dè é mọ́ bọ́ńpà láti abẹ́. Bí gegele bá gbá a, ètè nìkan ló lọ, bọ́ńpà kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Oníbàárà tó bá sì lọ́gbọ́n á ní kí o bá òun ṣe ètè méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá ku iṣẹ́. To ẹ̀là bọ́ńpà àtijọ́ pọ̀, fi irin gbígbóná jó ojú ibi tó sán papọ̀ láti ẹ̀yìn, kí o sì dè é mọ́ ọkọ̀ náà gan-an, níbi tó máa ń wà. Ibẹ̀ ni kí o ti mọ ẹnu fífẹ̀ tí oníbàárà ń fẹ́ lé e. Ohun tí o bá mọ yìí ni àwòṣe rẹ: lára rẹ̀ la ó ti ya mọ́òdù, inú mọ́òdù la ó sì ti to bọ́ńpà. Àwòṣe kò ní wà lára ọkọ̀ títí láé, torí náà kò kan wá bí kò bá lágbára, ìrísí rẹ̀ nìkan la fẹ́. Ojú ni kí o fi bá a ṣe. Dúró níwájú rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, pe ọmọ iṣẹ́ rẹ kó wá wò ó. Apá ọ̀tún àti apá òsì gbọ́dọ̀ bára mu: gé páálí sí ìrísí apá kan, kí o sì yí i padà sí apá kejì láti fi díwọ̀n. Ojú ọmọ Ọ̀wọ̀ kì í ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ báyìí o. Àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀ ní nǹkan bí 1971, ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ka ọjọ́ orí wọn sí, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi mọ wọ́n tí imú fi rí bí imú. Bó o bá kọjá ní Ọ̀wọ̀, yà sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn.

Fóòmù ni o máa fi mọ àyè tó bá tóbi, pọ́tì tàbí P.O.P. sì ni wàá fi parí ojú rẹ̀. Irú fóòmù wo? Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ti tẹlifíṣọ̀n nínú páálí ni mo lò. Odidi òru kan ni mo fi gbẹ́ ẹ. Ó wù mí débi pé mo jí ìyàwó mi kó wá wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun résìn lé e, mo yíjú láti mú aṣọ fáíbà, kí n tó yíjú padà, ẹnu bọ́ńpà mi ti ń wọlẹ̀ bí iyọ̀ tí omi kàn. Kẹ́míkà kan wà nínú résìn tí wọ́n ń pè ní styrene, fóòmù funfun yẹn sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ìyàwó mi ṣì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní. Wá fíríìjì tó ti kú, tú ara rẹ̀, fóòmù aláwọ̀ ìyeyè tó le gan-gan tó wà láàrin páànù rẹ̀ ni kí o gbẹ́. Résìn kì í jẹ ìyẹn.

Nígbà tí ìrísí bá ti pé, ìyà sánpépà ló kù. Bẹ̀rẹ̀ láti 80, bọ́ sí 180, 320, kí o fi pírámà wọ́n ọn, kí o wá fi omi ha á pẹ̀lú 600 títí dé 1200. Má yára. Ohunkóhun tó bá wà lára àwòṣe, mọ́òdù á gbà á, bọ́ńpà á sì gbà á lára mọ́òdù. Mo ti rí àmì ìka ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kan lára bọ́ńpà mẹ́rin tó tẹ̀ léra, torí pé ó fọwọ́ kan pírámà kó tó gbẹ.

Bó o bá ti dúró ti àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù rí, o mọ̀ pé wọ́n máa ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti bàjẹ́ pa inú mọ́òdù kí búlọ́ọ̀kù lè yọ. Olóúnjẹ náà máa ń fi epo pa agolo mọ́ínmọ́ín. Tìrẹ, wáàsì ni, irú èyí tí kò ní sílíkóònù nínú. Fi í pa àwòṣe, jẹ́ kó gbẹ, fi aṣọ rírọ̀ dán an, kí o tún pa á. Ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ fún mọ́òdù tuntun, kí o sì fún un ní wákàtí kan láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí o wá wọ́n PVA olómi lé e; á gbẹ di awọ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ẹni tó bá fò ó torí pé ó ti pẹ́, òun náà ló máa fi òòlù àti ṣísù yọ mọ́òdù rẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan péré. Àwòṣe lọ, mọ́òdù lọ, owó résìn lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú rèé, torí náà jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bọ́ńpà kì í ṣe àwo tí èèyàn kàn lè da ojú rẹ̀ délẹ̀ kó yọ. Ó ká sínú lọ́tùn-ún, ó ká sínú lósì, ó tún ká sínú nísàlẹ̀. Bí o bá ṣe mọ́òdù rẹ̀ ní odidi kan, bọ́ńpà á wọ inú rẹ̀, kò sì ní jáde mọ́, bí ọwọ́ ọmọdé tó dì mú ẹ̀pà nínú ìgò. Ó gbọ́dọ̀ pín. Wo àwòṣe rẹ dáadáa kí o sì fi léèdì fa ìlà síbi tí yóò ti pín: fún Celica yẹn, mo rò pé ìpín mẹ́ta á tó, ààrin gbùngbùn àti igun méjèèjì. Lórí ìlà yẹn ni kí o ti fi páálí tó le tàbí páálí ike fẹ́lẹ́ dúró ṣánṣán bí ògiri, kó ga tó ìka mẹ́ta. Fi amọ̀ tí ọmọ iléèwé fi ń ṣeré lẹ ìdí rẹ̀. Pa ògiri náà ní wáàsì, kí o sì to fáíbà ìpín àkọ́kọ́ títí tó fi gun ògiri náà lọ. Bó bá gbẹ, yọ páálí, pa etí tó kù ní wáàsì, kí o wá to ìpín kejì tì í. Etí méjèèjì á wá kọjú síra wọn. Lu ihò sí wọn kí o tó yọ wọ́n, kí bóòtì kan náà lè máa dè wọ́n padà sí ojú kan náà nígbà gbogbo. Bí o bá yọ wọ́n kó o tó lu ihò, o ti pàdánù ojú wọn nìyẹn.

Títo fáíbà fúnra rẹ̀ kò ṣòro tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Jẹ́ẹ̀lì kóòtù ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun ni ojú tí ayé á rí. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún ní ìgbà méjì. Bó bá tó àkókò kan, fi ìka kàn án: bó bá lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ àmọ́ tí kò dá àbàwọ́n sí ìka, ó ti tó. Aṣọ fáíbà 300 gíráàmù ni kí o kọ́kọ́ tẹ́, torí pé ó rọrùn láti tẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ìyókù lè jẹ́ 450. Fa aṣọ náà ya ni o, má fi sísọ́ọ̀sì gé e, kí etí rẹ̀ lè wọnú ara wọn láìní ìlà. Fi búrọ́ọ̀ṣì gún résìn wọ inú rẹ̀, má fà á bí ẹni ń kun ilé. Nígbà tí aṣọ funfun náà bá di ohun tí ojú ń rí kọjá, résìn ti wọlé. Ibi tó bá ṣì funfun, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ti ìwọ̀n, bọ́ńpà bíi ti Celica yẹn kì í ju mítà onígun mẹ́rin kan àtààbọ̀ lọ. Ìpele mẹ́ta lápapọ̀ á jẹ aṣọ bíi kílò méjì, résìn á sì jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀ àti díẹ̀, ká pè é ní kílò márùn-ún pẹ̀lú ohun tó máa dà nù. Yóò nípọn tó mílímítà mẹ́ta. Fi ìpele méjì sí i kún ojú bóòtì gbogbo, kí o sì sin páànù pẹlẹbẹ sáàrin wọn níbẹ̀. Mọ́òdù ńkọ́? Ìpele mẹ́fà ni ó kéré tán, pẹ̀lú igi tí a fi fáíbà dè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má bàa lọ́. Ó lè jẹ résìn ju kílò méjìlá lọ. Fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Kátálíìsì ló ń mú résìn gan. Ra síríǹjì ní kẹ́mísìtì, má fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n. Kílò kan résìn, mìlílítà mẹ́wàá ní ọ̀sán tó gbóná, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ní àárọ̀ òjò. Bó bá dín sí mẹ́wàá, ó lè má gan dáadáa láéláé; bó bá pọ̀ jù, á gbóná, á sán. Má po ju kílò kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá kù sínú ike, má gbé e kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, torí pé bó ṣe ń gan ló ń gbóná, mo sì ti rí èyí tó rú èéfín tó fẹ́ jó àkísà. Da á sílẹ̀ lórí yanrìn níta.

Àwọn tó ń ta kẹ́míkà ní Ọjọ́ta ní Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, lè ta résìn tí kò tíì ní kóbọ́ọ̀tì nínú fún ọ, kí wọ́n sì fi kóbọ́ọ̀tì, olómi aró kan, tì í lọ́tọ̀. Bi wọ́n léèrè kí o tó sanwó. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, po kóbọ́ọ̀tì mọ́ résìn pátápátá kí kátálíìsì tó débẹ̀. Kóbọ́ọ̀tì àti kátálíìsì kò gbọdọ̀ kan ara wọn láìsí résìn láàrin wọn, àní ìkán kan: wọ́n á gbiná, wọ́n sì lè bú gbàmù. Má gbé wọn sórí pẹpẹ kan náà. Má fi síríǹjì kan fa méjèèjì. Kátálíìsì mọ́ bí omi, torí náà má bù ú sínú ìgò omi mímu, nítorí àwọn ọmọ. Bó bá ta sójú ẹnikẹ́ni, ó lè fọ́ ojú náà. Fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìdúró, kí o sì gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Gọ́gù ìbojú kò wọ́n.

Eruku fáíbà á yún ọ. Wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, fi omi tútù wẹ̀ kí o tó lo tó gbóná. Ìyún yẹn kò ní pa ọ́. Èyí tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ nígbà tí o bá ń fi gíráńdà gé etí bọ́ńpà léwu jù ú lọ, àkísà tí ẹ ń so mọ́ imú kò sì lè dá a dúró. Ra ìbomú tó ní asẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, fún ìwọ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ.

Ọdún Igogo ń bọ̀ nínú òjò. Aṣọ fáíbà tó bá gba ọ̀rinrin, résìn kì í wọ̀ ọ́ dáadáa. Inú ọ̀rá ni kí o máa tọ́jú rẹ̀ sí, lábẹ́ òrùlé sì ni kí o ti ṣiṣẹ́, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ díẹ̀. Ka ọjọ́ pẹ̀lú mi: ọ̀sẹ̀ kan fún àwòṣe, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún títo mọ́òdù, ọ̀sẹ̀ kan kó fi dúró kí o tó tú u kúrò lára àwòṣe, ọjọ́ méjì fún bọ́ńpà, ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún fún gígé, dídè àti ọ̀dà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dín díẹ̀ nìyẹn bí òjò bá ṣàánú rẹ. Pe oníbàárà rẹ lónìí, sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Bó bá ní ó ti pẹ́ jù, ó sàn kó bínú nísinsìnyí ju kó bínú ní ọjọ́ ọdún lọ.

Nígbà tí bọ́ńpà bá ti yọ, fi omi fọ PVA kúrò lára rẹ̀ kí ọ̀dà tó kàn án, kí o sì fi owó ẹyọ kan lù ú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ìwọ náà mọ̀ pé ìlù kì í dún ní Ọ̀wọ̀ lákòókò Igogo, agogo nìkan ni. Bí agogo náà ni kí fáíbà rẹ dún, kó já gaara. Ibi tó bá dún bù bí ẹni lu pákó tó ti jẹrà, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Lù ú ya kí o sì tún un ṣe, torí oòrùn Àbújá á wú u fún ọ bí o bá fi ọ̀dà bò ó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Kí n má tàn ọ́: bó bá jẹ́ bọ́ńpà kan ṣoṣo ni oníbàárà yìí ń fẹ́, tó sì lè gba ti ilé iṣẹ́, tòkunbọ̀ tó bá rí ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó lè má wọ́n tó tìrẹ. Mọ́òdù ló ń jẹ owó, mọ́òdù náà ló sì ń mú owó wá. Bọ́ńpà àkọ́kọ́ ló gbowó lórí. Ìkejì, résìn kílò márùn-ún àti iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Àmọ́ Celica mélòó ló wà láàrin Ìfọ̀n, Ìdóàní àti Ọ̀wọ̀? Bí mo bá jẹ́ ìwọ, màá fi ti oníbàárà yìí kọ́ṣẹ́, màá sì jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá ṣe mọ́òdù ètè ìsàlẹ̀ fún Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle, tí ó kún ìgboro, tí àwọn ọmọ Rufus Giwa Polytechnic sì ń fẹ́ kó rẹwà. Ètè nìkan, kì í ṣe odidi bọ́ńpà. Ó kéré, kò ká sínú púpọ̀, o lè ṣe mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan.

Mọ̀ sì pé bó o ṣe lè fi bọ́ńpà ẹlòmíràn ṣe mọ́òdù, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn lè fi tìrẹ ṣe. Bruce Meyers ní Kalifọ́níà ṣe ara ọkọ̀ fáíbà kan ní 1964, tí wọ́n wá ń gbé lé ìdí Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Ó gbajúmọ̀ débi pé àwọn ẹlòmíràn ń ya mọ́òdù lára rẹ̀ ní gbangba. Meyers gbé wọn lọ sí kóòtù, ó pàdánù. Má retí pé kóòtù á gbèjà ètè Camry rẹ. Ohun tí o lè ṣe ni kí tìrẹ mọ́ ju tiwọn lọ.

Kọ ọ́ sínú ìwé kí o tó gba owó àkọ́kọ́: oníbàárà ló ni bọ́ńpà, ìwọ lo ni mọ́òdù. Bó bá fẹ́ ra mọ́òdù pẹ̀lú, iye tirẹ̀ yàtọ̀. Kọ pé irin inú kò ní kúrò. Kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí, kí o sì fi ọ̀sẹ̀ kan kún un nítorí òjò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì parí, de ìpín mọ́òdù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà mọ́ra wọn, tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ síbi tí oòrùn kò dé, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé táyà lé e.